dógùn-ún

Ọ̀rọ̀-ìṣe aláìgbàbọ̀. Ti irin: kí omi àti afẹ́fẹ́ bá a jà títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa bó. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ni ìdógùn-ún. Ẹ tún wo dípẹtà, àti ìpáàrà, tí àwọn tí ń ka Bíbélì mọ̀ dáadáa.

Àpẹẹrẹ: Àgbá kẹrosíìnì tí wọ́n gbé sẹ́yìnkùlé ní Ayépé láti ọdún mẹ́ta ti dógùn-ún nísàlẹ̀.

Àlàyé ìlò. Irin ni olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe yìí. A kì í sọ pé omi dógùn-ún àgbá. Omi ni ó mú àgbá dógùn-ún. "Nísàlẹ̀" inú àpẹẹrẹ yẹn ní ìdí: omi wúwo ju epo lọ, ó sì máa ń rọlẹ̀ sí ìdí àgbá, ibẹ̀ ni irin ti ń bàjẹ́ láti inú nígbà tí ìta ṣì ń dán. Ohun kan náà ni àwọn olùtọ́jú táǹkì ńláńlá gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ní irú ibi ìkó-epo-sí bíi Mósímí lẹ́bàá Ṣàgámù, tí ọ̀pá epo so pọ̀ mọ́ Atlas Cove ní Èkó.

Ibi tí atúmọ̀ ti máa ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kẹrosíìnì tí a sẹ́ dáradára ni ìpele àkọ́kọ́ Saturn V jó ní 1969, pẹ̀lú ọ́síjìn olómi. Ọ́síjìn yìí ń hó ní −183 °C, nítorí náà kò ṣeé fi pamọ́ pẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tí ó gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀, bíi Scud ti ilẹ̀ Soviet, ń lo ásíìdì nítíríìkì dípò rẹ̀. Ásíìdì náà a máa jẹ irin, títí kan èyí tí à ń pè ní irin tí kì í dógùn-ún (orúkọ tí ó ń tan ènìyàn jẹ!). Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi ásíìdì hydrofluoric díẹ̀, nǹkan bí ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, sí i, kí ìwọ̀ fẹ́lẹ́ kan lè bo ara irin.

Bí atúmọ̀ bá kọ ọ́ sínú ìkìlọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ ṣọ́ ìdógùn-ún, àwọ̀ pípọ́n ni òṣìṣẹ́ yóò máa wá. Kò ní rí i, yóò sì gbà pé táǹkì ṣì lágbára. Jẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ níhìn-ín, ásíìdì sì ni olùwà rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Ásíìdì ti jẹ ògiri táǹkì náà débi pé ó ti fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dógùn-ún rárá.