Hibiscus àti Mọ̀lẹ́bí Rẹ̀: Ìwádìí Lórí Òdòdó Ọgbà, Láti Agodi, Ìbàdàn

Ìfáàrà

Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ọgbà Agodi sílẹ̀ fún ẹranko àti ewéko. Omíyalé odò Ògùnpa ti 31 Oṣù Kẹjọ, 1980 bà á jẹ́ gidigidi, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ka òdòdó sí ẹ̀ṣọ́ nìkan. Àlàyé tiwa ni pé ẹbí ohun tí à ń jẹ, tí à ń wọ̀, tí à ń tà ni púpọ̀ nínú wọn.

Àpẹẹrẹ láti Yúróòpù

Wallflower, òdòdó ọgbà kan tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Erysimum, ní irú tó ju 150 lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ọgbà máa ń hù lára ògiri àtijọ́. Ewé òdòdó mẹ́rin ló ní, wọ́n sì dábùú ara wọn. Mọ̀lẹ́bí kábéèjì tí à ń jẹ ni. Bí wọ́n bá gbìn ín lọ́dún yìí, òtútù gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kí ó tó tanná lọ́dún kejì, nítorí náà ooru Ìbàdàn kò bá a lára mu.

Ìdílé Malvaceae láàárín wa

Hibiscus, tó wà nínú ìdílé Malvaceae, ló ṣe déédéé pẹ̀lú wallflower lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé gbìn, a sì fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Ewé òdòdó márùn-ún ló ní, ọ̀pá kan sì yọ láàárín wọn, tí lẹ́búlẹ́bú wà lára rẹ̀. Ẹ wo òdòdó ilá, ìṣápá àti òwú dáadáa: ọ̀pá náà wà níbẹ̀, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ní 1998, lẹ́yìn àyẹ̀wò DNA, àwọn onímọ̀ ewéko tí a mọ̀ sí APG kó ìdílé mẹ́rin pọ̀ sábẹ́ Malvaceae. Bí ewédú, obì, kókó, àràbà àti osè ṣe di ìbátan hibiscus nìyẹn. Ewédú tí a fi ń jẹ àmàlà ní Bẹẹrẹ wà nínú ẹbí yìí. Obì tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Kókó ló sì ṣáájú irè oko tí èrè wọn kọ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tó parí ní 1965.

Ìmọ̀ràn

Ìbàdàn ní ìmọ̀ tí iṣẹ́ fífi ẹbí yìí han ará ìlú ń fẹ́: Yunifásítì Ìbàdàn (1948), àti àwọn ilé ìwádìí bíi FRIN fún igbó (1954), CRIN fún kókó (1964) àti NIHORT fún èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó (1975). Kí àwọn alábòójútó Ọgbà Agodi gbin ẹbí hibiscus sójú kan, kí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sì kó àwọn ọmọ lọ wò wọ́n, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilá inú ìkòkò àti òdòdó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹbí kan náà ni.