Òkè Ben Lee, 1882

Ẹ jẹ́ ká rìn dé Skye lónìí, erékùṣù kan ní Scotland. Ní Braes, orí òkè Ben Lee ni àwọn àgbẹ̀ ti ń da ẹran jẹko láti ayé baba wọn. Lọ́ọ̀dù Macdonald, onílẹ̀, gba òkè náà, ó fi háyà fún ẹlòmíràn.

Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́ àfi tí òkè bá padà. Ní 1882, ìránṣẹ́ kóòtù mú ìwé ìlékúrò wá. Iná ni ìwé náà bá lọ. Ní oṣù kẹrin, nǹkan bí ọlọ́pàá 50 dé láti Glasgow. Òkúta làwọn ará Braes fi pàdé wọn, àwọn obìnrin sì wà níwájú. Wọ́n mú ọkùnrin 5, wọ́n ní kí wọ́n sanwó ìtanràn.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn kálẹ̀. Ní 1883, ìjọba rán ìgbìmọ̀ Lọ́ọ̀dù Napier jáde. Braes ni wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí sì fi Gaelic, èdè ìyá wọn, sọ tẹnu wọn. Òfin 1886 ló tẹ̀ lé e: onílẹ̀ ò lè ṣàdédé lé àgbẹ̀ tó ń san owó rẹ̀ mọ́, ọmọ sì lè jogún oko baba rẹ̀. Òfin yẹn ò dá gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà padà, àmọ́ ó fẹsẹ̀ àwọn tó kù múlẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.