Chamba, Ìlú Ọmọbìnrin Ọba Láàárín Òkè Himalaya

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí kò bá débẹ̀ lè rò pé àlọ́ ni. Kì í ṣe àlọ́. Ìlú náà wà, Chamba ni orúkọ rẹ̀, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, òkúta tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé òrìṣà rẹ̀ sì ṣeé fọwọ́ kàn.

Ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà ló wà, ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, láàárín àwọn òkè Himalaya, òkè tó gbé òkè pọ̀n, tí òkè mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, Pathankot ni rélùwéè yóò já a sí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ títẹ́jú parí sí. Nǹkan bí 120 kìlómítà ló kù láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìrìn ilẹ̀ pẹrẹsẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà náà lọ́, ó tún lọ́. Àpáta ń bẹ lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Awakọ̀ a máa fọn fèrè kó tó yà ní kọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú lè mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Ó gòkè títí ó fi dé Banikhet, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń wọ egungun, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì odò Ravi. Nígbà tí ojú bá ti ń rẹ èrò láti wo ọ̀gbun, Chamba a yọ gannboro: ilé lórí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, nǹkan bí 1,000 mítà sókè ju òkun lọ, pápá gbọọrọ kan sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chaugan.

Ta ló kọ́ ìlú síbi tó ṣòro dé báyìí? Ní nǹkan bí ọdún 920, ọba kan wà tó ń jẹ́ Sahil Varman. Bharmour ni olú-ìlú rẹ̀, lókè odò lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ilé òrìṣà àti ère idẹ ńlá ti wà kó tó jọba. Ọba yìí kò rọ́mọ bí. Àwọn ará Chamba ní ọjọ́ kan ni àwọn onísìn 84 tó ti kọ ayé sílẹ̀ wá sí Bharmour. Ọba tọ́jú wọn, inú wọn dùn, wọ́n súre fún un pé yóò bí ọmọkùnrin mẹ́wàá. Ìre náà sì ṣẹ. Ọmọkùnrin mẹ́wàá dé, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú wọn, Champavati.

Nígbà tí Sahil Varman ṣẹ́gun àwọn olóyè kéékèèké ìsàlẹ̀ odò, Champavati bá a dé ibi tí ìlú wà lónìí. Ilẹ̀ náà wù ú, ó ní kí bàbá òun tẹ̀dó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣaláìní onílẹ̀. Àwọn àlùfáà Brahmin kan ló ni ín. Ọba kò fi agbára gbà á. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn: ìgbéyàwó yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìlú náà, kí wọ́n san owó bàbà mẹ́jọ fún ìdílé onílẹ̀, owó tí wọ́n ń pè ní chakli. Mo gba ti ọba yìí gan-an. Àwa tí a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ máa ń dá sílẹ̀ láàárín aládùúgbò, a mọ̀ pé ẹni tó rántí onílẹ̀ ní ọjọ́ ayọ̀ ìlú ti yẹra fún ogun púpọ̀.

Orúkọ ọmọ náà ni ìlú ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò pẹ́ níbẹ̀. Champavati fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, a sì máa lọ sọ́dọ̀ onísìn kan láti gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ gbé e dé etí ọba. Ọba fa idà yọ, ó tọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn lóru. Ìgbà tó wọlé, kò bá onísìn, kò bá ọmọ. Ilé ṣófo. Ohùn kan ni ó gbọ́ tó ń bá a wí pé a ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìfura rẹ̀, àti pé bí kò bá fẹ́ kí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀, kó kọ́ ilé òrìṣà síbi tó dúró sí. Ilé òrìṣà Champavati wà nínú ìlú títí di òní, wọ́n ń bọ ọmọ ọba níbẹ̀.

Ẹkún ilé náà kò tíì tán. Ìlú tuntun kò lómi. Ọba gbẹ́ ọ̀nà omi láti odò kékeré Sarota, ó mú un gba ẹ̀yìn òkè Shah Madar wá, ṣùgbọ́n omi kọ̀, kò wọ̀ ọ́. Àwọn Brahmin dá a lójú pé ẹ̀mí tó ni omi ń bínú, ẹ̀mí èèyàn ni yóò gbà, yálà olorì tàbí ọmọ rẹ̀. Ọkàn ọba pín. Olorì ló ṣe ìpinnu: ó ní kàkà kí ọmọ òun lọ, òun ni yóò lọ. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí yóò rántí Mọ́remí, tó fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ rúbọ, lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ni ti Chamba gbà: níhìn-ín ìyá ló bọ́ síwájú ọmọ. Àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ sìn ín gòkè láìborí, títí dé ẹ̀bá abúlé Balota, níbi tí ọ̀nà omi ti ya kúrò lára Sarota. Wọ́n gbẹ́ kòtò, ó wọ inú rẹ̀ láàyè. Wọ́n ní bí wọ́n ti bo erùpẹ̀ tán ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Sui Mata ni wọ́n ń pè é báyìí. Lọ́dọọdún, ní oṣù Chet wọn, ìyẹn láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin tiwa, wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀, ọdún àwọn obìnrin àti ọmọdé. Aṣọ tó dára jù ni wọ́n ń wọ̀ gun àkàsọ̀ òkúta lọ síbi ojúbọ, òdòdó lọ́wọ́, orin lẹ́nu. Àkàsọ̀ náà fúnra rẹ̀, obìnrin ló ṣe é: Sarda, olorì Ọba Jit Singh, ni ó jẹ́ kí wọ́n fi òkúta tẹ́ ẹ, òun kan náà ló kọ́ ilé òrìṣà Radha Krishna ní 1825.

Ilé òrìṣà yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú àgbàlá kan, mẹ́ta fún òrìṣà Vishnu, mẹ́ta fún òrìṣà Shiva. Èyí tó ga jù, tó sì lágbà jù, ni Lakshmi Narayan, ilé Vishnu tí Sahil Varman fúnra rẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé a bọ́ bàtà sílẹ̀, a fọwọ́ kan agogo kí ó dún, òtútù òkúta a sì gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Garuda, ẹyẹ tí Vishnu ń gùn, jókòó sórí òpó gíga lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀. Gbé ojú sókè: ilé òkúta náà ga fíofío, ère kún ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ṣùgbọ́n lórí rẹ̀, wọ́n gbé òrùlé pákó róbótó lé e bí agboòrùn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, nítorí yìnyín. Ohun tó wù mí jù ní Chamba nìyí: òkúta tí a gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí àwọn ará òkè sì ṣíji bò kí òtútù má bà á jẹ́.

Ère funfun tó wà nínú rẹ̀ gba ẹ̀mí púpọ̀. Ọba rán mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí àwọn òkè Vindhya tó jìnnà réré kí wọ́n lọ gbé òkúta mábù wá. Wọ́n gbé e dé. Bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti là á, ọ̀pọ̀lọ́ kan jáde láti inú rẹ̀! Wọ́n ní òkúta náà kò yẹ fún òrìṣà ńlá mọ́. Àwọn ọmọ náà tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọlọ́ṣà dá wọn lọ́nà, wọ́n pa gbogbo wọn. Àkọ́bí nìkan ló kù, Yugakar. Ọba rán an. Àwọn ọlọ́ṣà kọ lù ú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn onísìn gbà á sílẹ̀, ó bá wọn jà, ó ṣẹ́gun, ó gbé mábù délé. Òun ló jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀, àwo bàbà tí wọ́n kọ àṣẹ rẹ̀ sí sì wà tí àwọn onímọ̀ ti kà.

Ní ọdún 1678, Aurangzeb, ọba Mùsùlùmí tó jẹ́ olórí ìjọba Mughal ní Íńdíà, pàṣẹ kí wọ́n wó àwọn ilé òrìṣà Chamba. Chhatar Singh, ọba Chamba nígbà náà, gbọ́. Dípò kó wó wọn, ó ní kí wọ́n fi wúrà bo ṣóńṣó orí wọn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè rí i láti òkèèrè.

Ẹ má sì rò pé ìjà ẹ̀sìn nìkan ni ìtàn ìlú yìí. Ní àárín òjò, láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, wọ́n ń ṣe ọdún Minjar fún àgbàdo àti ìrẹsì tó ń yọ orí. Minjar ni ìrù kékeré tí wọ́n fi òwú ṣẹ́dà àti òwú aláwọ̀ wúrà ṣe, kí ó rí bí irun orí àgbàdo; tọkùnrin tobìnrin ń fi í sára aṣọ. Ìdílé Mùsùlùmí kan, àwọn Mirza, ni ó ń ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún òrìṣà. Ọjọ́ tí ọdún bá parí, wọ́n a gbé òrìṣà Raghuvir dé etí Ravi, wọ́n a sì ju minjar, àgbọn àti owó sínú odò.

Ìtòsí Chaugan ni ilé òrìṣà Hari Rai wà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ló ti wà níbẹ̀. Vishnu tí wọ́n fi idẹ dà ló wà nínú rẹ̀: ojú èèyàn níwájú, ojú kìnnìún lápá kan, ojú ìmàdò lápá kejì. Ní 1971, àwọn olè gbé e lọ. Ère tó wúwo tó yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó la Íńdíà já, ó dé èbúté Bombay, ọkọ̀ òkun tó fẹ́ gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ti fẹ́ gbéra, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e gba ojú ọ̀nà lílọ́ yẹn kan náà gòkè padà. Àyè rẹ̀ ni wọ́n tún gbé e sí, wọ́n sì ń bọ ọ́ lọ.