Ìdè Okùn Lára Ẹ̀rọ Ìgbẹ́lẹ̀: Ìtàn Rẹ̀ láti Sichuan dé Etíkun Ìlàjẹ

Ìdè okùn ni irin tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ohun èlò tó ń lu ilẹ̀ nínú kànga jíjìn, tàbí èyí tí wọ́n fi ń de ìpẹ̀kun okùn mọ́ ara ẹ̀rọ lókè ilẹ̀. Kò tóbi rárá. Púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ àwọn ló ń ru gbogbo ẹrù tó wà nísàlẹ̀. Bí ìdè bá tú, irin tó lè wọn tọ́ọ̀nù kan sí méjì á já sínú ihò tí èèyàn kò lè wọ̀, iṣẹ́ á sì dúró títí wọn yóò fi rí i yọ. Yorùbá ní ibi tó bá fẹ́lẹ́ ni okùn ti í já. Bí àwọn agbẹ́lẹ̀ ṣe dá ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn mọ̀, bí wọ́n ṣe fún un lágbára, àti bí wọ́n ṣe wá ń fọwọ́ ara wọn yan ibi tí okùn yóò ti já, ni ìtàn ìdè okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní.

Ìtàn náà kan Òde-Mahin, ìlú ọba Amapetu, àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀sà, irà àti òkun ló yí agbègbè náà ká, ṣùgbọ́n iyọ̀ sábà máa ń wà nínú omi tó sún mọ́ ojú ilẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá omi tó ṣeé mu. Epo rọ̀bì sì wà lábẹ́ òkun tó kọjú sí wọn. Omi ni wọ́n ń wá o, epo ni, okùn ní láti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Okùn oparun

Àwọn ará China ló kọ́kọ́ fi okùn gbẹ́ kànga tó jìn gan-an. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń wá ní Sichuan, ní àyíká ìlú tí a mọ̀ sí Zigong lónìí. Láàárín ọdún 1041 sí 1048 ni kànga ẹlẹ́nu tóóró, tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju abọ́ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á la oparun sí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á so tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì títí yóò fi gùn tó, wọ́n á wá fi irin wíwúwo kọ́ sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á gun pákó kan tó ń gbé irin náà sókè, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, irin á já lu àpáta. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí kànga kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1835, kànga Shenhai ní Zigong jìn tó mítà 1,001. Kò sí kànga kankan láyé tí wọ́n tíì fi irin gbẹ́ jìn tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Okùn oparun ló débẹ̀, ìdè tó so ó mọ́ irin sì gba ìlù tí kò lóǹkà.

Okùn tàbí ọ̀pá igi

Iyọ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà. David àti Joseph Ruffner gbẹ́ kànga iyọ̀ létí odò Kanawha ní ọdún 1808. Igi gígùn tó ń rọ̀ ni wọ́n fi ń gbé irin wọn sókè sódò. Ní agbègbè kan náà ni William Morris ti gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1841 lórí irin méjì tó kọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fi sáàárín okùn àti irin ìlulẹ̀. Bí irin ìlulẹ̀ bá há sínú àpáta, èyí tó wà lókè á kọ́kọ́ sún díẹ̀ lófo kó tó fa ti ìsàlẹ̀ lójijì, ìfà òjijì yẹn ló ń tú u sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, okùn àti ìdè rẹ̀ nìkan ló ń jìyà gbogbo ìfà.

Nígbà tí Edwin Drake fẹ́ wá epo ní Titusville, ní Pennsylvania, alágbẹ̀dẹ kan tó ti ń bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga iyọ̀ ṣiṣẹ́, William Smith, ló pè kó wá rọ irin rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1859, wọ́n kan epo ní nǹkan bíi mítà 21.

Àwọn ará Petrolia ní Kánádà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi okùn sílẹ̀, wọ́n ń so ọ̀pá igi pọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ọ̀pá kì í lọ́ bí okùn, kì í sì í nà, ṣùgbọ́n gbogbo oríkèé rẹ̀ ni wọ́n ní láti tú, kí wọ́n tún tò ó padà, ní gbogbo ìgbà tí irin bá kú tí wọ́n fẹ́ pọ́n ọn. Okùn ní tirẹ̀ kò ní ju kí wọ́n ká a lọ. Ìdí nìyí tí okùn fi borí níbi tó pọ̀, tí ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi di ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ ń ronú lé.

Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ìdè tó wà lórí irin ìlulẹ̀. Láyé ìgbà tí kò tíì sí okùn wáyà lẹ́nu kànga, wọ́n á ti orí okùn bọ inú ihò irin náà, wọ́n á ta á ní kókó tàbí kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Wilhelm Albert ṣe okùn oníwáyà ní Clausthal, ní Jámánì, ní ọdún 1834, ibi ìwakùsà ni ó sì ti kọ́kọ́ wúlò. Nígbà tí okùn wáyà dé ẹnu kànga, kókó kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí a bá ta wáyà ní kókó, à ń ṣẹ́ ẹ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n wá gbà ni dídà. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà rí bí àrọ tí a dojú rẹ̀ dé, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó tóóró lókè. Wọ́n á fi wáyà tín-ínrín di okùn mọ́ra kó má baà tú kọjá ibi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á ti orí rẹ̀ wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tú gbogbo fọ́nrán rẹ̀ ká, wọ́n á fọ gírísì kúrò lára wọn pátápátá. Wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu tóóró náà, wọ́n á ti iná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè gbóná. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á da síńkì yíyọ́ sí i. Nǹkan bíi 420 ni ìwọ̀n Celsius tí síńkì ń yọ́. Bí ó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á ba agbára wáyà jẹ́. Bí kò bá gbóná tó, kò ní wọ àárín fọ́nrán. Tí ó bá ti dì, bí ẹrù bá ṣe ń fà á tó ni síńkì náà ń há mọ́ ẹnu tóóró tó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá dà dáadáa lágbára tó okùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ já.

Ohun kejì tó wà nínú rẹ̀ ni agbára láti yí. Okùn tí ẹrù bá fà máa ń fẹ́ tú ara rẹ̀, ó sì ń yí irin ìlulẹ̀ bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá dá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní irin kékeré kan nínú, ara irin yẹn ni wọ́n ń de okùn mọ́. Nígbà tí irin ìlulẹ̀ bá ń gòkè, okùn á yí i díẹ̀. Nígbà tó bá balẹ̀ tí ẹrù kúrò lára okùn, irin inú náà á yí padà sí ipò rẹ̀. Ojú tuntun ni irin á máa lù nígbà gbogbo, ihò á sì yí roboto. Wọ́n tún máa ń lo okùn tí wọ́n lọ́ sí apá òsì, kí yíyí rẹ̀ lè máa fún oríkèé irin pọ̀ dípò kó máa tú wọn.

Ìdè kan tún wà lókè, lẹ́nu ihò. Ó jẹ́ ìdè onískúrù gígùn tó gbá okùn mú, tó sì so ó kọ́ sára igi tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Bí ihò bá ṣe ń jìn sí i, agbẹ́lẹ̀ á yí skúrù náà díẹ̀díẹ̀ kí okùn lè gùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára okùn. Láti inú gbígbọ̀n rẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá iyanrìn ni irin ń lù, tàbí àpáta, tàbí pé nǹkan ti há.

Epo ní agbègbè Òkìtìpupa

Kí Oloibiri, ibi tí wọ́n ti kan epo nígbà tó yá, tó di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, agbègbè Òkìtìpupa ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Ọ̀dà ilẹ̀ tó ń sun jáde níbẹ̀ ló fa ojú wọn mọ́ra. J. S. Bergheim, olórí ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, ti gbẹ́ epo ní Galicia, ilẹ̀ tí Poland àti Ukraine pín lónìí, pẹ̀lú William McGarvey tó wá láti Petrolia, ìlú àwọn tó ń fi ọ̀pá igi gbẹ́lẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí epo ní ọdún 1907, ó tún yá ilé-iṣẹ́ náà lówó. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ ní àyíká Aràròmí, nítòsí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Bergheim kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní ọdún 1912, ogun àgbáyé sì bẹ́ ní ọdún 1914. Bí iṣẹ́ náà ṣe parí nìyẹn láìrí epo tó lè mówó wọlé.

Okùn gòkè

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1901, epo bẹ́ jáde ní Spindletop, ní Texas, láti inú kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ ayípo gbẹ́. Nínú ẹ̀rọ yìí, páìpù ló ń yí irin wọlẹ̀, omi ẹrọ̀fọ̀ ló sì ń kó èérún jáde. Okùn kò sọ̀kalẹ̀ sínú ihò mọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni gbígbé gbogbo páìpù náà sókè, èyí sì wúwo gan-an. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Shell-BP fi kan epo ní Oloibiri ní ọdún 1956, ní ìjìnlẹ̀ tó lé ní mítà 3,600.

Ìdè tó ṣe pàtàkì jù wá di èyí tó di ìpẹ̀kun okùn mú nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Okùn á ti ara wíǹṣì gòkè, á gba orí àwọn kẹ̀kẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ bọ̀ nígbà mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí méjìlá, ìpẹ̀kun rẹ̀ á wá dúró sójú kan. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń wé e mọ́ ẹsẹ̀ òpó ni, ibi tó ti ṣẹ́ sì ni fọ́nrán rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ṣe ìlù irin ribiti tí okùn ń wé mọ́ ní ìgbà mélòó kan kó tó bọ́ sẹ́nu kílámpù. Fífi ara ra ara okùn àti ìlù yẹn ló ń gba ẹrù tó pọ̀ jù, ìwọ̀nba ló ń dé ẹnu kílámpù.

Ìdè yìí tún ń ṣe iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Bí tọ́ọ̀nù 200 bá wà lórí okùn mẹ́wàá, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20 ló ń fa ìpẹ̀kun, irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ á sì fi han agbẹ́lẹ̀ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Ìdè náà ló tún jẹ́ kí wọ́n lè tú okùn, kí wọ́n fa tuntun wọlé, kí wọ́n sì gé èyí tó ti ṣiṣẹ́ tó kúrò, kí ojú kan náà má baà máa jìyà títí yóò fi já.

Ibi tí wọ́n yàn pé kó já

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927, àwọn òṣìṣẹ́ Conrad àti Marcel Schlumberger fi wáyà sọ irinṣẹ́ ayẹ̀lẹ̀wò kalẹ̀ sínú kànga kan ní Pechelbronn, ní ilẹ̀ Faransé, láti fi iná mànàmáná mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ kárí ayé, ó sì mú ọgbọ́n tuntun wá. Nínú ìdè irú wáyà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú kan sílẹ̀ tí agbára rẹ̀ kéré sí ti wáyà. Bí irinṣẹ́ bá há, wọ́n á fà á títí ojú yẹn á fi já, wáyà á sì jáde láìkù síbì kan. Orí irinṣẹ́ tó kù nísàlẹ̀ á mọ́, wọ́n á lè fi irin ìkọ́ gbá a mú. Àwọn agbẹ́lẹ̀ àtijọ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí okùn bá já lókè tó sì ká jọ lé irin lórí. Ìyà ńlá ni.

Ní Ìlàjẹ lónìí

Gulf Oil ló kan epo ní Okan ní ọdún 1963, àkọ́kọ́ lábẹ́ òkun Nàìjíríà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ibùdó bíi Malu àti Parabe tó kọjú sí etíkun Ìlàjẹ. Orúkọ Parabe tàn káyé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ fi ẹ̀hónú hàn níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun sì pa méjì nínú wọn. Ẹ̀rọ ńlá ń gbẹ́ epo nítòsí wọn, omi mímu ṣì wọ́n nílé wọn. Ẹ̀dùn yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ agbègbè náà, nítorí náà àwọn tó ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ níbi tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè to òpó mẹ́ta jọ, kí wọ́n fi okùn gba orí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa gbé páìpù sókè sódò bí omi ṣe ń ti inú rẹ̀ tú ilẹ̀. Lẹ́yìn tí kànga bá parí, wọ́n á fi okùn ọ̀rá so súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, kọ́ sínú rẹ̀. Ìdè náà kò parẹ́, ó kàn kéré sí i ni. Bí ó bá tú, súmò á já sísàlẹ̀, kànga tí gbogbo àdúgbò dáwó gbẹ́ á di ihò lásán.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ṣeé lò níbẹ̀. Kókó lásán lè gba nǹkan bí ìdajì agbára okùn. Kílámpù tí wọ́n fún dáadáa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ sí, ó kéré tán mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n fi sórí okùn wáyà. Ìjókòó kílámpù gbọ́dọ̀ wà lára okùn tó ru ẹrù, kí apá rẹ̀ tó tẹ̀ wà lára ìrù okùn, kí wọ́n sì tún un fún lẹ́yìn tí ẹrù bá ti kọ́kọ́ fà á. Iyọ̀ ń jẹ irin ní etíkun, nítorí náà irin tí kì í dípẹtà ló yẹ ibẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Kí ìgbìmọ̀ ìlú, ìjọ tàbí ìdílé tó bá gbé kànga fún agbaṣẹ́ṣe má san owó tó kù títí wọn yóò fi fa okùn súmò sókè, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí ìdè rẹ̀.