Eré Inú Ẹ̀gún àti Iná Inú Ìkùukùu

Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ẹni tó pa òwe yìí kò fojú kan ejò. Eré tó rí ló fi mọ̀ pé ejò wà. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká fi wo àmì rédíò tí àwọn eríàlì LOFAR ní Netherlands ń gbà nígbà tí ìjì àrá bá ń jà. Ó rọrùn láti kà á sí àmì tó ti bàjẹ́, ká sì dà á nù. Èmi gbà pé ẹ̀rí iyebíye nípa iná inú ìkùukùu ni. Láti gbalasa òfuurufú ni ègé átọ́ọ̀mù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ìmọ́lẹ̀ ti ń wá kọlu afẹ́fẹ́ wa, tí yóò sì bí àìmọye ègé mìíràn tó ń rọ́ wálẹ̀. Òòfà ayé a ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn sí apá kan, a ti àwọn pósítírọ́ọ̀nù sí apá kejì. Ìyapa yẹn ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbì rédíò wọn jáde, fún ìgbà tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà, kí àmì tó dé rárá, a ti mọ apá tó yẹ kó máa mì sí. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu àrá bá ṣú, iná inú rẹ̀ náà a máa ti àwọn ègé yìí, ó sì lè borí òòfà ayé. Ìgbì náà yóò wá máa mì síbi tí òòfà kò darí rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí LOFAR tó jáde lọ́dún 2015 ṣe fi hàn.

Ẹnìkan lè ní ariwo mànàmáná ló da àmì náà rú. Bó bá jẹ́ ariwo ni, kì bá tí bọ́ sí àkókò kan náà gan-an tí àwọn ègé ń balẹ̀ sórí àwọn ohun èlò tó ń kà wọ́n, àìmọye eríàlì kì bá sì tí fẹnu kò lórí apá tó ń mì sí. Àwọn oníwàádìí LOPES ní Karlsruhe, ní Jámánì, náà ti rí i ṣáájú pé ìjì àrá ló ń sọ àmì náà di alágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkùukùu òjò lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Àtakò tó wúwo ni pé bí iná náà bá ti ju nǹkan bí 50,000 fólítì lọ ní mítà kan, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń pọ̀ sí i a máa rẹ̀yìn, ìgbì wọn kò sì ní bá ti àwọn tó ṣáájú pa pọ̀ mọ́. Òótọ́ ni, ó sì dín ohun tí a lè kà kù. Síbẹ̀, bálóònù tàbí ọkọ̀ òfuurufú tí a bá rán wọnú ìjì, ojú ọ̀nà tó gbà nìkan ló lè wọ̀n, ara rẹ̀ pàápàá sì lè yí iná tó fẹ́ wọ̀n padà. Àwọn ègé òfuurufú ń la gbogbo ìkùukùu kọjá láìdà á láàmú. A sì nílò wọn, nítorí iná tí àwọn oníwàádìí ti wọ̀n nínú ìkùukùu kéré gan-an sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3 fólítì ní mítà kan tí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ nílò kó tó tanná, síbẹ̀ mànàmáná ń kọ lójoojúmọ́.