Bí a ṣe ń gbé ẹmọ́ òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà

Ẹmọ́ òyìnbó, ẹran ọ̀sìn kékeré tó wá láti agbègbè òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ já láyà. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti pọ̀, igun yàrá tó dákẹ́ ni kí ẹ gbé àgò rẹ̀ sí.

Ẹ má ṣe na ọwọ́ sí i láti òkè. Bí àṣá ló máa rí lójú rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fi koríko tútù fà á mọ́ra. Ẹ wá ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ àyà rẹ̀, kí èkejì gbé ìdí rẹ̀ ró, kí ẹ sì gbé e mọ́yà. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ gbé e lórí ìdúró, nítorí bó bá já bọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́.

Bó bá dúró gbagidi lọ́wọ́ yín, ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ̀rù ló mú kó gan. Ẹ rọra dá a padà.