Akọ̀ròyìn Adádúró Ti Wà Kí Búlọ́ọ̀gì Tó Dé

Búlọ́ọ̀gì ni ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan tàbí èèyàn díẹ̀ ń kọ nǹkan sí lemọ́lemọ́, tí ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn máa ń wà lókè, tí òǹkàwé sì lè fèsì sí i lójú ẹsẹ̀. Jorn Barger, ará Amẹ́ríkà, ló sọ irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ní “weblog” ní 1997. Ní 1999 ni Blogger dé, tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá fi lè ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Nàìjíríà, 2006 ni ọdún tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ọdún náà ni Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀, tí BellaNaija bẹ̀rẹ̀, tí Ọmọ́yẹlé Ṣóworẹ́ sì gbé Sahara Reporters kalẹ̀ ní New York.

Àtìgbà náà ni ìtàn kan ti ń jà ràn-ìn. Wọ́n ní kí búlọ́ọ̀gì tó dé, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni ìròyìn wà. Pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, òǹkàwé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ìpolówó ọjà kò sì lè bọ́ ẹni tó ń dá kọ ìròyìn. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Rẹ́mọ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ já a.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1859 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, lédè Yorùbá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, ó sì ti ń gba ìpolówó. Ní 1863, Robert Campbell tó wá láti Jàmáíkà dá Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó. Láti 1891, John Payne Jackson, ọmọ Làìbéríà, ló ni Lagos Weekly Record, òun náà ni olóòtú rẹ̀, èrò ọkàn rẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí pọ̀ débi pé ìjọba amúnisìn ṣe òfin lé wọn lórí ní 1903: ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ fi £250 ṣe ìdúró. Ìjọba kì í ṣọgbà sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló pẹ́ kó tó dé: 1926 ni Daily Times bẹ̀rẹ̀, 1947 sì ni àwọn oní-Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù tó gbà á.

Ìwé ìròyìn tó kó irọ́ ìtàn yìí síta jù lọ ni Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Láti 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn náà ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin fún gbogbo ìlú, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn òǹkàwé dáhùn. Wọ́n kọ̀wé kẹ́dùn, wọ́n gbà á nímọ̀ràn, ẹlòmíràn tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá náà. Wọ́n kó o jọ di ìwé ní 1930, àwọn onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ohun tí wọ́n ń yin búlọ́ọ̀gì fún wà níbẹ̀ pátá: ẹnì kan tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìtàn tí ń jáde díẹ̀díẹ̀, òǹkàwé tó ń fèsì. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án náà wà níbẹ̀, ìyẹn dída òótọ́ pọ̀ mọ́ àròsọ.

Ní Rẹ́mọ gan-an, ẹ̀rí kò jìnnà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti ṣe akọ̀ròyìn ní Daily Times ní 1934 kó tó dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá 1949. Kò sí olówó òkèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ kí èrò òun ní ibi tí yóò gbé ti jáde. Ìwé ìròyìn náà kò kú nígbà tó wà lẹ́wọ̀n láàárín 1963 sí 1966, aya rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, sì ń darí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2015. Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan náà tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, kò ní ìwé ìròyìn kankan. Àyè tí wọ́n fún un nínú ti ẹlòmíràn ló lò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1964, nígbà tí gbogbo ayé ń ṣàdúrà ìrọ̀rùn, ó kọ ọ́ sínú Daily Times pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí gbágungbàgun. Ohùn ẹnì kan, tí kò bẹ̀rù pé inú yóò bí ẹnikẹ́ni: kò sí búlọ́ọ̀gì tó fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Ohun tí búlọ́ọ̀gì àti àwọn ohun tó bá a rìn yí padà ní tòótọ́ ni ọ̀nà tí owó ìpolówó ń gbà. Látijọ́, ẹni tó fẹ́ polówó ọṣẹ a lọ bá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọn a dúnàá-dúrà, owó náà a sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rán akọ̀ròyìn lọ jókòó sí kóòtù. Ní 2003, Google gbé AdSense jáde. Google ni ọlọ́ṣẹ ń sanwó fún báyìí. Google á wo ibi tí òǹkàwé wà àti ohun tó ń wá, á sì fi ìpolówó náà síwájú rẹ̀ lójú-ewé yòówù tó bá ṣí. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé nínú 100 tó bá wọlé, 68 ni ti olójú-ewé. Iye ojú tó wò ó ni owó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe iye làálàá. Ìròyìn tí akọ̀ròyìn fi ọ̀sẹ̀ kan wá kiri lè pa owó tó kéré sí ti ẹni tó dà á kọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibẹ̀ ni àdàkọ ti gbilẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àkọlé tó ń pariwo ju ìròyìn abẹ́ rẹ̀ lọ ti wá. Ẹni tó ń gbé ilé ẹlòmíràn kò sì ní kọ́kọ́rọ́: ní oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n ti búlọ́ọ̀gì Linda Ikeji, tó wà lórí Blogger ti Google, pa fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó ṣí i padà.

Ìyára náà jẹ́ tuntun, ó sì níye lórí. Ní oṣù Kejì 2020, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Remo Stars kan kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá SARS mú un, orí fóònù ni ìròyìn náà ti tàn, àwọn ọ̀dọ́ sì ti tú síta ní Ṣágámù láàárín ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n títan ìròyìn ká yàtọ̀ sí wíwádìí rẹ̀, owó ìwádìí ni kò sì sí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ìròyìn, ní Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ àti níbòmíràn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti 2006. Ẹ mú un láti Abẹ́òkúta, ẹ gba Ìkẹ́nnẹ́ kọjá, kí ẹ sì kọ́ wọn láti máa béèrè ẹni tí owó ìpolówó wà lọ́wọ́ rẹ̀.